Bí A Ṣe Ń Yan Elégédé Kó Pọ́n, Kó Má Ṣomi

Elégédé tí mo kọ́kọ́ yan nílé wa ní Èbúté Mẹ́ta, ṣíbí la fi bù ú sáwo. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sínú páànù kékeré kan, mo da òróró sí i, mo fi fóìlì bò ó kó má baà gbẹ, mo wá gbé e sínú ófùn. Nígbà tí mo ṣí i lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, omi ti sun kún ìdí páànù, elégédé ti rọ̀ bí oúnjẹ ọmọ ọwọ́, kò sí ibì kan lára rẹ̀ tó pọ́n. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà, torí òun ló máa ń fi fọ́tò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lọ́dọọdún tí ewé igi bá ti ń wọ́ lọ́hùn-ún. Ìbéèrè kan péré ló bi mí.

“Ṣé o dé e ni?”

“Ẹ̀n, àǹtí mi. Mo fi fóìlì bò ó.”

“O sè é nìyẹn. O ò yan án.”

Gbólóhùn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. Nínú gíráàmù 100 elégédé tútù, bíi gíráàmù 91 ló jẹ́ omi. Butternut, ẹ̀yà elégédé kan tó gbẹ jù ú lọ, bíi 86. Tí omi yìí ò bá rí ọ̀nà lọ, inú rẹ̀ ni elégédé máa bọ̀ sí. Tó bá ráyè fò lọ kíá, adùn á ṣẹ́ kù sínú elégédé, etí rẹ̀ á pọ́n bí etí dòdò, òórùn rẹ̀ á sì gba inú ilé. Ẹ wo oníbọ̀ọ̀lì lẹ́bàá títì. Ṣé ó máa ń dé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni? Ó tẹ́ wọn sórí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, èédú ń jó nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá. Ohun kan náà là ń wá fún elégédé, yálà ófùn lẹ ní, yálà èédú, yálà ìkòkò lásán.

Kì í ṣe ọbẹ̀ là ń sè, kì í sì í ṣe àsáró. Ibi tí dòdò máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì lórí àwo, ibẹ̀ ni elégédé yíyan máa wà.

Èwo gan-an ni elégédé?

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Ewé úgú tí a fi ń se ọbẹ̀, tí àwọn tó ń sọ Òyìnbó máa ń pè ní ewé pumpkin, kì í ṣe ewé elégédé. Irúgbìn ọ̀tọ̀ ni. Elégédé tí mò ń sọ ni èyí tó ń fà nílẹ̀ lóko, tí èso rẹ̀ tóbi, tí èèpo rẹ̀ le, tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbìn ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ̀yà tí ẹ̀gbọ́n mi ń yan, winter squash ni wọ́n ń pè é, ìyẹn elégédé ìgbà òtútù. Orúkọ yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, nítorí kì í hù nínú òtútù rárá. Ìgbà ooru tiwọn ló ń dàgbà, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n ń kórè rẹ̀, èèpo líle rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ wọ inú ìgbà òtútù láìbàjẹ́. Ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀. Butternut wà, tó ní ọrùn gígùn bí àdó, tí wọ́n mú jáde ní ìpínlẹ̀ Massachusetts láwọn ọdún 1940. Kabocha wà, rìbìtì, èèpo rẹ̀ dúdú bí ewé, inú rẹ̀ gbẹ bí iṣu. Acorn wà, kékeré, tó ní ìlà jinjinlẹ̀ lára. Ní Èkó, elégédé ńlá tiwa lẹ máa rí jù. Ẹ lè rí butternut lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì, àti ní àwọn ilé ìtajà ńlá. Tí ẹ bá rí i, ẹ rà á, torí omi rẹ̀ kéré, ó sì ń pọ́n kíá. Tí ẹ ò rí i, ẹ má fi ṣe ìṣòro. Èyí tiwa ni mò ń yan lọ́pọ̀ ìgbà, adùn rẹ̀ kò sì kéré rárá.

A ò ní ìgbà ìwọ́wé níbí. Àrọ̀kúrò la ní, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́ tí ọyẹ́ kò tíì dé, tí alẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tura. Àsìkò yẹn ni mo fẹ́ràn jù láti tan ófùn, nítorí pé ooru ilé ìdáná kò ní lé èèyàn síta.

Ọjà

Oyìngbò ni mo ti ń ra tèmi, ọjà tí kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Mo máa ń tètè dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú, torí elégédé tó ti jókòó sínú oòrùn látàárọ̀ máa ń rọ̀ lápá kan láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́pọ̀ kó gba Mile 12 lọ. Àwọn ará Òkè-Ọya tó ń kó o wá síbẹ̀ ń pè é ní kabewa, òun ni wọ́n fi ń se miyan taushe. Tí ẹ bá dárúkọ yẹn fún Màlámù, á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ wá rà.

Bí mo ṣe ń yan èyí tó dára nìyí. Mo máa ń gbé méjì tí wọ́n jọ tóbi bákan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó bá wúwo jù ni mo máa mú. Èyí tó fúyẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀, inú rẹ̀ ti di fọ́nrán. Ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀ wò. Kò gbọdọ̀ wọlé. Kò gbọdọ̀ máa dán gbinrin bí ẹni fi òróró pa á, torí elégédé tó gbó, èèpo rẹ̀ máa ń ṣá díẹ̀. Kí ẹ wá wo igi kékeré tó so ó mọ́ ìtàkùn: kó gbẹ, kó le, kó ṣì wà lára rẹ̀. Ibi tí igi yẹn bá ti já kúrò ni ìdíbàjẹ́ máa ń gbà wọlé.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti là sílẹ̀ lẹ fẹ́ rà, àwọ̀ inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá ṣe pọ́n tó ló ṣe ń dùn tó. Èyí tí inú rẹ̀ funfun ráúráú, ẹ fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Mo sọ fún ìyá tó ń tà á fún mi lọ́jọ́ kan pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á.” Ó gbé ọ̀bẹ, ó dúró, ó ní, “Ọmọ mi, tí mo bá là á, kó má sùn mọ́jú ọ̀túnla o.” Òótọ́ ló sọ. Odidi rẹ̀ lè pẹ́ dáadáa ní ibi tí kò gbóná tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, àmọ́ ooru Èkó kò jẹ́ kó pẹ́ tó bó ṣe ń pẹ́ lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú butternut fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Tí wọ́n bá ti là á, inú fíríìjì ló kù.

Fún èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ ra èyí tó tó kílò kan àti ààbọ̀. Tí ẹ bá bó o tí ẹ yọ inú rẹ̀, á kù bíi kílò kan, ìyẹn á sì tún sún kì lórí iná.

Gígé rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá fún elégédé, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Èèpo rẹ̀ le, ó rí rìbìtì, ọ̀bẹ máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ níta ná, torí iyẹ̀pẹ̀ tó bá wà lára èèpo, ọ̀bẹ á gbé e wọnú. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ tẹ́ aṣọ tó tutù díẹ̀ sábẹ́ pátákó kó má baà máa sún. Lẹ́yìn náà, ẹ gé pẹ̀lẹ́bẹ́ kan kúrò ní ìdí rẹ̀, kó lè jókòó kó má yí.

Ẹ má fi agbára ti ọ̀bẹ. Ẹ fi ojú ọ̀bẹ ńlá lé orí rẹ̀, ẹ tì í títí tó fi wọlé bíi ìka kan, kẹ́ ẹ wá mú ọmọ odó kékeré, kẹ́ ẹ máa fi kan ẹ̀yìn ọ̀bẹ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kó, kó, kó. Ohùn rẹ̀ máa ń yí padà. Bó bá ṣì le, á dún gan-an bí ìgbà tí a ń kanlẹ̀kùn. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ ihò inú, á dún bòm̀, elégédé á sì là fúnra rẹ̀. Tí èyí tí ẹ rà bá le ju èyí lọ, ẹ fi ọ̀bẹ dá ihò mẹ́ta mẹ́rin sí i lára kí èéfín rẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde, ẹ gbé odindi rẹ̀ sínú ófùn gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó tutù, á gbọ́ràn.

Ẹ fi ṣíbí ha hóró àti fọ́nrán inú rẹ̀ kúrò. Ẹ má da hóró nù. Bíbó ló kàn. Mo máa ń gé e sí ọ̀nà gbọọrọ gbọọrọ kí n tó bó o, ó rọrùn ju bíbó odidi lọ. Omi ara rẹ̀, pàápàá ti butternut, máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á gan bí gọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fi òróró díẹ̀ pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní lẹ̀.

Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ gé díẹ̀ bí èékánná, ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò ní tútù. Elégédé gidi á dùn díẹ̀ tàbí kó má ní ìtọ́wò kan tó dájú. Tó bá korò, ẹ tu ú dà, kẹ́ ẹ da gbogbo rẹ̀ nù. Cucurbitacin ló ń mú un korò, iná kì í pa á, ó sì lè fa inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí nìkan ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lé lórí.

Ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ìyẹn bíi ìka ọwọ́ méjì, kí gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba. Tí ọ̀kan bá tóbi tí èkejì kéré, èyí tó kéré á ti jóná kí èyí tó tóbi tó rọ̀. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. A ń gbìyànjú láti lé omi jáde, kí la tún fẹ́ fi omi kún omi fún? Tí ó bá tutù lára, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ.

Òróró, iyọ̀ àti ata

Fún kílò kan, ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta òróró ti tó, ṣíbí tíì kan iyọ̀, àti ata gbígbẹ gígún bí ẹnu yín bá ṣe fẹ́ ẹ. Ẹ fi ọwọ́ pò ó pọ̀ nínú abọ́ títí tí gbogbo ara rẹ̀ á fi máa dán. Àwọ̀ pípọ́n inú elégédé, beta-carotene ni, ohun tí ara wa ń sọ di fítámì A, ara kì í sì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀ tí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣọ́ ara sísan, kó dín òróró kù, kó má yọ ọ́ tán.

Iyọ̀ ní àsìkò tirẹ̀. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára ohun tútù. Tí ẹ bá fi iyọ̀ sí elégédé tí ẹ wá lọ wẹ ọmọ, ẹ ó bá a nínú adágún nígbà tí ẹ bá padà dé. Iná gbọ́dọ̀ ti gbóná kí iyọ̀ tó kàn án.

Epo pupa ńkọ́? Ìbéèrè tí màmá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo fẹ́ràn epo lára elégédé gan-an, àmọ́ mi ò kì í fi yan án. Epo tó bá pẹ́ nínú ooru ńlá á ṣá, á máa rú èéfín, òórùn rẹ̀ á sì bo adùn elégédé mọ́lẹ̀. Òróró ni mo fi ń yan, tí mo bá ti gbé e kúrò lórí iná tán ni mo máa ń ta ṣíbí epo kan sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́. Bákan náà ni yájì, torí ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, ó sì ń tètè jóná. Oyin náà ń bẹ lára àwọn tí kò gbọdọ̀ tètè wọlé: ìṣẹ́jú márùn-ún tó gbẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi í sí i, tí ẹ bá fẹ́ ẹ rárá. Èyí tó bá pọ́n dáadáa kò nílò oyin.

Iná

Tí ẹ bá ní ófùn, ẹ tàn án sí 200 sí 220 lórí Celsius. Ọ̀pọ̀ sítóòfù gáàsì tòkunbọ̀ kò kọ ìyẹn sára, nọ́ńbà ló wà lára bọ́tìnnì wọn. 6 jẹ́ 200, 7 jẹ́ 220. Ẹ gbé páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sínú rẹ̀ ní òfìfo fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí òun náà gbóná. Ẹ wá da elégédé sí i. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ṣàà bí ìgbà tí dòdò bá kan òróró. Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, kò tíì gbóná tó.

Ẹ tẹ́ ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìka kan lè gba àárín wọn kọjá. Tí wọ́n bá fún ara wọn, èéfín omi ọ̀kan á máa se èkejì. Ẹ pín in sí páànù méjì tí kò bá gbà, ó sàn ju kí ẹ kó o jọ. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ẹ ṣí ófùn, ẹ yẹ ojú sẹ́yìn kí èéfín gbígbóná tó rọ́ jáde má baà kàn yín, ẹ yí elégédé padà pẹ̀lú ṣíbí pẹlẹbẹ. Èyí tí kò tíì fẹ́ kúrò lára páànù, ẹ má fi agbára ya á. Kò tíì pọ́n ni. Ó tún kù bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Ẹ má fi ojú agogo nìkan wò ó: kí fọ́ọ̀kì wọlé wọ́ọ́rọ́, kí etí rẹ̀ ti pọ́n dẹ́ẹ̀dẹ́, kí omi má sí nídìí páànù mọ́. Ófùn gáàsì tó jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ń jó máa ń mú kí ìdí pọ́n kí ojú funfun. Tó bá ní iná òkè, ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ta níparí, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀.

Iná mànàmáná ni ófùn tèmi ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti mú iná lọ nígbà tí elégédé dé ìdajì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má fi í sínú ófùn kẹ́ ẹ máa dúró de iná, torí á rọ̀ pátápátá. Ẹ gbé e sínú agbada tó gbóná lórí gáàsì, láìdé e, kẹ́ ẹ máa yí i títí á fi pọ́n.

Èédú ni mo fẹ́ràn jù, kí n sọ òtítọ́. Ẹ gé elégédé bí oṣù lẹ́ẹ́lẹ́, kó nípọn bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kẹ́ ẹ fi èèpo sílẹ̀ lára rẹ̀ kó lè dì í mú. Ẹ dúró kí ọwọ́ iná lọ tán, kí èédú pọ́n, kí eérú funfun bò ó. Ẹ pa òróró sí elégédé, ẹ tò ó sórí wáyà, ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ fún ojú kan, ẹ yí i, bákan náà fún ojú kejì. Ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú yàrá, torí èéfín èédú ń pa èèyàn láìní òórùn.

Ẹni tí kò ní ófùn tí kò sì fẹ́ dá èédú lè lo ìkòkò àti iyanrìn, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi yan kéèkì. Ìkòkò tó nípọn ni, iyanrìn gbígbẹ tó mọ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta nídìí rẹ̀, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ gbé páànù elégédé lé iyanrìn. Níbí, a ò lè má dé e, torí ooru á sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọmọrí dí i ní ìdajì, kó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bíi ìka kan kí omi lè máa jáde. Kò ní pọ́n tó ti ófùn. Ẹ fún un ní wákàtí kan.

Ohun tí a fi ń jẹ ẹ́

Adìyẹ sísun, ẹja yíyan, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, gbogbo wọn bá a mu. Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀wà: ẹ̀wà tí a sè gbẹ, tí ata àti epo wà lórí rẹ̀, kí elégédé gbígbóná jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i díẹ̀, ẹ ya ewé efinrin méjì mẹ́ta lé e. Kíkan ọsàn yẹn ló ń jẹ́ kí adùn rẹ̀ yọ. Ẹ má dé e lórí tábìlì, ọmọrí á mú kó tún ṣomi, gbogbo làálàá yín á sì já sí asán.

Èyí tó bá kù, kó má pẹ́ ju wákàtí méjì lọ níta. Nínú fíríìjì tí iná ń wà fún dáadáa, ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta. Mo máa ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata rodo kan àti omi ẹran láàárọ̀, mo sì ń mu ún gbígbóná.

Hóró tí ẹ yọ sílẹ̀, ẹ fọ fọ́nrán ara rẹ̀ kúrò, ẹ sá a sí ibi tí atẹ́gùn wà di ọjọ́ kejì kó gbẹ. Ẹ dà á sínú agbada tí kò ní òróró, iná pẹ́lẹ́, ẹ máa rò ó. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta pápápá tí èèpo rẹ̀ ń wú, ẹ wọ́n omi iyọ̀ ṣíbí kan lé e, ẹ rò ó títí omi yẹn á fi gbẹ tí iyọ̀ á fi funfun lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ́ ẹ sórí bébà. Ó máa ń le kankan tó bá ti tutù.